Ṣé O Yá Owó Orí Fóònù Ni?

Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí n ò gbóhùn rẹ. Owó oògùn bàbá yín ò dé, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Lálẹ́ Sátidé, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù mi: àwòrán rẹ rèé, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni ọ́, pé kí n sọ fún ọ kí o wá san gbèsè. Ìyàwó pásítọ̀ náà rí i gbà. Ọmọ tí mo fẹ̀yìn pọ̀n! N ò róorun sùn.

Ṣé o yá owó orí fóònù ni?

Mo mọ̀ pé ọjà le. Látìgbà tí epo ti gbówó lórí lọ́dún 2023, téèyàn bá ta páálí Indomie kan tán, owó rẹ̀ kì í ká òmíràn mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ò gbọ́ràn. Mo yẹ ìwé àwìn rẹ wò nígbà tí mo wá sí Sàbó: ojú ewé mẹ́rin! Mílíìkì méjì, ìyá ìbejì. Búrẹ́dì, fọganáísà. Ta ní ń fi kióósì ṣàánú?

A ti hú ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò rẹ ti gba fọ́ọ̀mù JAMB.

Àbẹ̀kẹ́, ọdún tí o fi jókòó sílé ní JSS 3, mo ní bàbá yín ni ò lówó. Irọ́ ni mo pa. Owó gbómúlélántà ni mo yá, àwa obìnrin márùn-ún la dúró fún ara wa. Ọ̀sẹ̀ tí n ò rí san, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láti ìdájí. Wọn ò bú mi, wọ́n kàn ń wo ọwọ́ mi bí mo ṣe ń gé búrẹ́dì. Owó ilé-ìwé rẹ ni mo kó fún wọn. Bàbá yín ò mọ̀ títí dòní. Dárí jì mí.

Má yá tibòmíràn san èyí o, mo bẹ̀ ọ́. Àjọ mi máa bọ́ sí mi lọ́wọ́ lóṣù yìí, àpò gàárì méjì sì wà nílẹ̀ tí mo lè tà. Sọ iye rẹ̀ fún mi, má bù ú kù. Tí o ò bá ní káàdì, fìláàṣì mi lálẹ́ yìí, màá pè ọ́ padà.

Èmi ìyá rẹ.