Ẹ yé gbowó ẹskọ́ṣọ̀n Olúmọ tẹ́ ò bá ní kọ́ ọmọ wa ní nǹkan kan

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, inú ló ń bí mi.

Ọmọ mi wà ní prámárì fáìfù. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ilé ìwé wọn kó wọn láti Èkó lọ sí Olúmọ l'Ábẹ́òkúta, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà lórí ọmọ kan, mo sì san án tayọ̀tayọ̀ torí ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, mo ní kó lọ rí ilé bàbá ẹ̀. Nígbà tó dé mo ní kí lo rí? Ó ní àwọn wọ lífíìtì, àwọn jẹ ráìsì, àwọn ya fọ́tò. Mo ní kò burú, ta ni Ṣódẹkẹ́? Ó kàn ń wò mí ni. Mo bá gba ìwé ẹ̀ wò. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé Olúmọ ni òkúta tó ga jù ní gbogbo Áfíríkà, pé àwọn òyìnbó ló ṣàwárí ẹ̀, pé ibẹ̀ làwọn Yorùbá sá sí káwọn òyìnbó má bàa kó wọn lẹ́rú. Tíṣà fi bírò pupa máàkì í, ó fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó tún kọ gúùdù sí i. Sípẹ́lì ló fi yọ máàkì kan yẹn o!

Ga jù bíi ti báwo? Mítà 137 péré ni Olúmọ fi ga ju ojú òkun lọ, òkúta Zuma tó wà nítòsí Àbújá ń wò ó bí ọmọ ìkókó ni. A ò fi gíga yin Olúmọ rí. Nǹkan bí ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀, lẹ́yìn tí ogun ti tú gbogbo ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá, tí Ìbàdàn náà ò rọgbọ fún wọn mọ́. Yorùbá bíi tiwọn ló ń lé wọn! Oko ọdẹ kan tó ń jẹ́ Adágbá ló wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ń pe Abẹ́òkúta ní Oko Adágbá dòní. Òyìnbó wo ló wá ṣàwárí kí ni? Ọdún 1843 ni Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, Ṣódẹkẹ́ ló sì gbà á lálejò. Ìlú yìí kan náà ni ìwé ìròyìn èdè Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde ní 1859, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn gan-an ẹ mọ̀.

Kí wọ́n má bàa ní mò ń purọ́ mọ́ tíṣà, mo gbé ọmọ náà padà lọ ní Sátidé tó kọjá. Bá a ṣe débẹ̀ la bá ọmọ ilé ìwé míì pàdé, bíi ọgọ́ta, tí wọ́n ń sáré lọ sídìí lífíìtì, bisikíìtì lọ́wọ́. Ẹ̀ ń mọ àwọn ihò róbótó yẹn lára òkúta? Gbogbo wọn ló gba ibẹ̀ kọjá, ẹnì kan ò wo ilẹ̀. Mo bi tíṣà tó wà lẹ́yìn pé àǹtí, ihò kí nìyí, ó ní ó jọ pé òjò ló gbẹ́ ẹ. Òjò! Ibi táwọn ìyá wa ti ń lọ ata nígbà ogun ni. Mo ki ọwọ́ ọmọ mi bọ ọ̀kan, inú ẹ̀ ń dán bíi inú ọlọ. Ó yà á lẹ́nu, ó ní "Daddy, wọ́n se ọbẹ̀ níbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sùn síbí, wọ́n bímọ síbí. Ọ̀fẹ́ nìyẹn o, mi ò gba ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún.

Ẹ̀bi ti àwọn ọ̀gá tó wà lókè náà wà níbẹ̀. Àwọn ló yọ ìtàn kúrò nínú ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré nígbà kan, wọ́n tún ní àwọn ti dá a padà, ẹnu lásán. Tíṣà tó ń kọ́ wọn báyìí, ìgbà tí kò sí ìtàn lòun náà kàwé, kí ló fẹ́ kọ́ wọn? Wọ́n á jókòó sínú ọ́fíìsì oníyẹ̀yẹ́, wọ́n á máa wí pé àṣà, àṣà.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n pa lífíìtì tì fún ọmọ ilé ìwé. Àfi ẹni tí ara ẹ̀ ò bá yá. Kí wọ́n fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn àtijọ́ yẹn, kí wọ́n làágùn. Tí wọ́n bá dé abẹ́ àpáta níbi táwọn èèyàn sá pamọ́ sí, kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sí fóònù, kò sí bisikíìtì, ìṣẹ́jú ogún gbáko, kí wọ́n tẹrí ba bí òkúta yẹn ṣe ní kéèyàn tẹrí ba. Kí àgbàlagbà kan nínú ìlú wá sọ̀rọ̀ fún wọn ní Yorùbá, Yorùbá Ẹ̀gbá gan-an, kó sọ ìdí tá a fi ń pè é ní Olúmọ, pé ibẹ̀ ni Olúwa ní kí ìyà náà mọ. Kó tún sọ fún wọn pé nígbà tí Gẹ́zò ọba Dàhọ̀mì kó ogun dé ní March 1851, tòun tàwọn obìnrin ajagun ẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá ò sá wọ ihò kankan mọ́, orí odi ìlú ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi lé e padà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ihò ata kan, kó fọwọ́ kàn án kó tó sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ kàn án ò ní kọ ọ́ pé òyìnbó ló ṣàwárí ẹ̀ mọ́.

Kí tíṣà náà kọ́kọ́ lọ fúnra ẹ̀ kó tó kó ọmọ lọ. Kí ìjọba ní kí wọ́n ṣe ìdánwò fún àwọn tíṣà náà.

Wọ́n tún ti fi fọ́ọ̀mù míì ránṣẹ́ láná. Àgbádárìgì ni wọ́n ń lọ ní táàmù tó ń bọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Orí fíríìjì ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, mi ò tíì sáìnì.

Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́,
Ìpájà, Èkó