Lẹ́tà sí nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n gbé wá sí òkè wa

Àǹtí Nọ́ọ̀sì,

Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ẹ sì kú òtútù. Wọ́n ní láti Ìtawúre lẹ ti ń bi ọlọ́kadà pé ṣé a ò tíì dé ni, àti pé nígbà tí ẹ kọjá Ẹ̀fọ̀n Alààyè tí ọ̀dà tán, ẹ dákẹ́. Ìròyìn kì í pẹ́ dé etí ẹni níbí.

Ẹ ò tíì mọ̀ mí. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ni mí, abúlé yìí ni wọ́n bí mi sí, kòkó ni mo sì fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Mo kọ lẹ́tà yìí sí gbangba torí pé ẹ̀yin nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbé lọ sórí òkè ní Èkìtì. Ẹlòmíì tó wà nírú ipò yín lè rí i kà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí aláìsàn bá pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń ṣe nílé láti ọjọ́ yìí. Ẹ bi í pé ìgbà wo ló gbéra, ibo ló sì ti ń bọ̀.

Mo mọ òwe tó máa wá sí yín lẹ́nu: kí sòbìà tó degbò là á ti í ké sí olúgàǹbe. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Àwọn bàbá wa tí sòbìà, aràn inú omi mímu yẹn, dá dùbúlẹ̀ nígbà tó yẹ kí wọ́n wà lóko mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ẹ wo bí sòbìà ọ̀hún ṣe kúrò ní Nàìjíríà, tí a rí èyí tó kẹ́yìn ní 2008, tí wọ́n sì fún wa níwèé ẹ̀rí ní 2013. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó sí ìlú ńlá tó ń bú àgbẹ̀. Wọ́n wọ abúlé lọ, wọ́n pín aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, wọ́n sì kọ́ ọmọ abúlé fúnra rẹ̀ láti máa ṣọ́ ẹni tó bá ní in.

Oṣù kẹwàá la wà yìí, kòkó ti ń pọ́n. Láti ìsinsìnyí títí di oṣù kìíní, àwọn obìnrin ò ní fi bẹ́ẹ̀ yọjú sí yín, ahéré ni wọ́n ń sùn. Bí a bá la kòkó tán, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo èso rẹ̀ fún bí ọjọ́ 5 sí 7, lẹ́yìn náà la ó sá a, tí a ó máa fẹsẹ̀ tú u. Oòrùn orí òkè yàtọ̀ sí ti Adó. Kùrukùru lè má ká títí oòrùn á fi ga, òjò ìkẹyìn á tún dé lójijì. Ẹni tí kò bá sí nítòsí láti kó o wọlé, kòkó rẹ̀ á bu. Bó bá ti bu, iye tí wọ́n máa rà á á já, owó yẹn náà sì ni owó iléèwé, owó oògùn, àti gbèsè tí a ti jẹ láti oṣù karùn-ún nígbà tí iṣu tuntun ò tíì jáde. Obìnrin tí ibà bá mú á wá sọ fún ara rẹ̀ pé kí kòkó gbẹ ná. Kì í ṣe pé ẹ̀mí ara rẹ̀ ò jọ ọ́ lójú. Owó ọ̀kadà tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ yín ló wà nínú kòkó tó ń sá yẹn.

Bí òjò bá sì rọ̀, àgbàrá á ya ọ̀nà, owó ọ̀kadà á di ìlọ́po méjì. Aboyún tó ń rọbí á jókòó sáàárín, ọlọ́kadà níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn tó gbá a mú kó má baà já bọ́. Lóru, ọlọ́kadà tó láyà jù kì í gbà.

Àbúrò mi obìnrin lọ bímọ rí ní ilé ìwòsàn kan ní ìsàlẹ̀. Ìrọbí ti wọ̀ ọ́ lára kó tó débẹ̀, ẹni tó gbà á wọlé sì pariwo mọ́ ọn lójú ọ̀pọ̀ èèyàn pé ará oko ò gbọ́ràn. Ó bímọ náà láyọ̀, ṣùgbọ́n ariwo yẹn ló mú délé. Nígbà tí oyún kejì pé, ahéré ló jókòó sí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí ọmọ fi dé. Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ mọ̀ pé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n yọ ìlẹ̀kùn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin gbé e. Kò bá wọn dé títì. Ọmọ náà wà lọ́dọ̀ mi, òun ló pé mẹ́rin nínú àwọn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ máa rí gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn àwọn ìyá àgbà mélòó kan. Ọjọ́ pẹ́ tí òjò ti ń fọ áyódíìnì, èròjà tí àìtó rẹ̀ nínú ara ń fa gẹ̀gẹ̀, kúrò nínú ilẹ̀ òkè, ohun tí a bá gbìn síbẹ̀ kì í ní in tó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ní ayé ló ṣe wọ́n. Láti 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódíìnì sínú iyọ̀ ní Nàìjíríà, àwọn alájàpá sì ń ru iyọ̀ náà gun òkè wá sọ́jà wa. Kò sẹ́ni tó ní ká sọ̀ kalẹ̀ wá gbà á.

Ọjà yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ lò. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ aláboyún ṣáájú kí ẹ tó dé, ọjà wa sì jẹ́ ọjà ọrọọrún, kì í dúró sójú kan nínú ọ̀sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2016 pé ó yẹ kí aláboyún rí elétò ìlera ó kéré tán ìgbà 8. Fún ará ahéré, ọjọ́ iṣẹ́ 8 nìyẹn, pẹ̀lú owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin wa tí kì í ná ọjà. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ aláboyún máa bá ọjà rìn, kí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ náà sì wà níbẹ̀, kí gbogbo wọn lè gbà á tán kí yìnyín inú kúlà tó yọ́, torí iná mànàmáná ò sí níbí.

Ẹ tún lọ kí ìyá agbẹ̀bí tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má ránṣẹ́, ẹ lọ fúnra yín, ẹ kúnlẹ̀ kí i. Ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n tí wọ́n sin Àpósítélì Babalọlá ìjọ CAC sí yìí, àdúrà àti omi ìyè ò ní kúrò lọ́wọ́ aláboyún, n kò sì rò pé ó yẹ kó kúrò. Ohun tí a fẹ́ ni kí màmá náà tètè sọ pé kí wọ́n gbé aláboyún wá sọ́dọ̀ yín, kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá ti mọ̀ yín, á sọ ọ́.

Mo ti bá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀. Ìsọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣu tí òrùlé rẹ̀ ò jò, wọ́n máa gbá a fún yín. Ọ̀túnla lọjà. Ẹ gbé òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ọmọ dání, àti ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò; èmi á mú tábìlì àti àga wá. Obìnrin kan ń bọ̀ láti ahéré òdìkejì òkè, oyún rẹ̀ ti di oṣù mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni ò sì tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá kan láti orí òkè