Kọ́ọ̀kì Ìyá

Adó-Èkìtì,
Alẹ́ Sátidé

Àdùkẹ́ mi,

Òjò àná ló jẹ́ kí n mú bírò lónìí. Ó bẹ̀rẹ̀ nídàájí, kò sì dá títí ọ̀sán fi pọ́n. Tàpólì, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, àpò ìrẹsì, gbogbo ohun tí ọwọ́ mi tó ni mo fi bo iṣẹ́ ọnà tí mo ń fi kọ́ọ̀kì ìgò ṣe, síbẹ̀ omi wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ yìí, ìpẹtà ti mú un láti etí dé àárín. Mo jókòó tì í, n ò lè jẹun.

Irin tín-ín-rín ni kọ́ọ̀kì bíà àti ti míńírà. Ibi tí mo bá ti fi ìṣó lu ihò sí i, ọ̀dà ibẹ̀ á ṣí, ìpẹtà á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ìdérí ọtí líle, èyí tí wọ́n ń yí, alumíníọ̀mù ni, ìyẹn kì í dípẹtà. Irú ẹ̀ ni El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà yẹn, ń lò jù. Ìwọ náà rántí ariwo tí mo pa sí ẹ létí lórí fóònù ní 2015, nígbà tí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún oníwúrà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Venice. Ọmọ Gánà ni, 1975 ló dé Nsukka wá ṣe olùkọ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún níbẹ̀ kó tó rí àpò kan tí ìdérí ìgò kún inú ẹ̀. Ó gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ ẹ̀, àpò náà sì wà níbẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan kó tó mọ ohun tó máa fi í ṣe. Ibi tó gbé e sí yẹn ni mo ń rò láti àná.

Èmi ò lè torí ìpẹtà fi kọ́ọ̀kì sílẹ̀. O mọ ìdí ẹ̀. Ìwọ Kókà, èmi Fáńtà, lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ìyá.

Ọ̀já mẹ́ta ni iṣẹ́ náà. Pupa Kókà ni mo fi ṣe àlàárì, olómi góòlù ni sányán, àwọn aláwọ̀ búlúù ni ẹtù. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí mo fọ̀, tí mo sá, tí mo lọ́ bí òwú, ni ìlà funfun inú ẹtù. Òòlù ni mo fi ń tẹ́ kọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan pẹrẹsẹ, ihò mẹ́rin, lẹ́yìn náà wáyà bàbà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn onírìwáyà, èyí tí wọ́n tú lára fáànù tó jóná. Ó ti ga ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní 8. Kọ́ọ̀kì tó wà lára ẹ̀ ti lé ní 5,000. Bí èèyàn méjì bá gbé e dìde, ó máa ń dún bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lórí páànù.

Ṣùgbọ́n bàbá onílé ti ní kí n kó o kúrò kí oṣù yìí tó parí. Wọ́n ní mo ti sọ ẹ̀yìnkùlé àwọn di ààtàn, ejò á bí síbẹ̀. N ò dá wọn lẹ́bi, ejò kan ti jáde níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ obìnrin ilé kejì ló dùn mí. Ó lọ bá màámi, ó ní ọmọ wọn ti ń ṣa nǹkan lórí ààtàn, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ìwọ náà mọ ẹni tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún nílẹ̀ yìí. Màámi ò bínú sí mi, wọ́n sunkún. Ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá sàn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Olówè Ìsẹ̀, agbẹ́gilére ayé àtijọ́, fún wọn, pé ilẹ̀kùn tó gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ̀rẹ́ ló wà ní British Museum lọ́dọ̀ yín. Wọ́n pàtẹ ẹ̀ ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, àwọn òyìnbó ní àwọn fẹ́ ẹ, Ògògà kọ̀ láti tà á, àga ọba tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba ni kábíyèsí gbà dípò ẹ̀. Màámi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Igi ni Olówè gbẹ́, kò ṣà á lórí ààtàn." Ẹnu mi wọhò. Òru ni mo tó rí èsì. Igi ló wà nítòsí Olówè. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń kó epo bẹntiróòlù kọjá bọ́dà láti ọ̀dọ̀ wa ló wà nítòsí Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Benin, ní Àjàṣẹ́, òun náà sì sọ 304 nínú wọn di ojú èèyàn, ó tò wọ́n bí ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹrú. Nítòsí tèmi, bí òjò bá rọ̀ ní Ajílósùn, ọ̀rá àti ike ni gọ́tà ń pọ̀ jáde.

Àbúrò mi ti bí, obìnrin ni. Orókún màámi ń san. Iṣu tuntun ti dé, iyán ti dùn.

Èyí tí mo fi ọ̀rá nìkan ṣe léṣìí, oòrùn ló pa á. Oṣù díẹ̀ níta, ó ń rún lọ́wọ́ mi bí ewé gbígbẹ. Oòrùn pa tèṣí, òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa tọdún yìí.

Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo ń yí po láti òkè rèé. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gba iwájú ẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ yìí. Páànù ẹ̀ kò jò. Mo yọjú láti ojú fèrèsé, kéréètì wọn ṣì wà níbi tí wọ́n tò wọ́n sí, àga wọn náà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì ṣí i láti ọjọ́ ìsìnkú. Bọ̀ọ̀dá ẹ ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ò ní ṣílẹ̀kùn àfi tí ìwọ bá sọ̀rọ̀. N ò ní fọwọ́ kan àga yẹn. Ara ògiri òsì, níbi tí fìríìjì wà tẹ́lẹ̀, ti tó mi láti gbé iṣẹ́ náà sí. Bó bá dùn ẹ́ jù, "rárá" kan ṣoṣo ni kó o kọ sí mi, n ò ní béèrè lẹ́ẹ̀kejì, n ò sì ní bínú.

Àwọn kọ́ọ̀kì tó wà ní ìsàlẹ̀ àlàárì yẹn, tìrẹ ni. Ìyá dì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú fún wa, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọn ò sì dà á nù. Èmi ni wọ́n fún lọ́dún tó o lọ.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí oṣù parí.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ