Bí Ẹ Bá Ń Mú Ajá Lọ Ìgbafẹ́

Sí Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń mú ajá wọn lọ jẹun létí òkun nígbà ọdún. Ó dára, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán lè pa ajá. Kí ajá tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ẹ kò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á bó. Ẹ má tì í mọ́ inú mọ́tò rárá, kódà bí ẹ ṣí gíláàsì díẹ̀.

Oúnjẹ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Egungun adìyẹ sísè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè lu ìfun. Àlùbọ́sà orí súyà, tútù tàbí jíjinná, ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Igi súyà ńkọ́? Nítorí òróró ẹran ara rẹ̀ ni ajá ṣe ń gbé e mì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí.

Bí ooru bá mú ajá, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ láìdáwọ́ dúró, tí itọ́ rẹ̀ sì ki, ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì tètè gbé e lọ bá dókítà ẹran.

Àwa tó ń tọ́jú ajá,
Ìbàdàn.