Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Ẹlẹ́wé-Ọmọ Lórí Igi Ìkatè Etíkun

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti gbogbo kánsẹ́lọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa tá à ń tewé, tá à ń tegbò létíkun Badagry la kọ ìwé yìí. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀: ẹ má jẹ́ kí wọ́n hú ìkatè tán létí òkun.

Igi kékeré ni, òun ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Chrysobalanus icaco. Níbòmíràn, ńṣe ló ń fà nílẹ̀ lórí yanrìn. Ewé rẹ̀ rí roboto, ó yi, ó ń dán. Òdòdó funfun wẹ́wẹ́ ló ń yọ kó tó so èso tí ọmọdé ń ṣa jẹ. Èèpo àti ewé rẹ̀ la fi ń se àgbo fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú.

Kì í ṣe torí àgbo nìkan la ṣe ń ké. Ibi tí iyọ̀ òkun ti ń pa ewéko mìíràn, ibẹ̀ ni ìkatè ti ń gbilẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ tó bá fara kan ilẹ̀ a ta gbòǹgbò, yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ a sì dúró sí ìdí rẹ̀ títí yóò fi di òkìtì tó ń dènà ìgbì. Bí wọ́n bá hú u, kí ló kù tó máa di yanrìn náà mú? Ẹ rántí etíkun Kuramo l'Ékòó lọ́dún 2012, bí òkun ṣe ya wọlé tó gbé ilé àti èèyàn lọ. A ò sọ pé ìkatè nìkan ì bá gbà wọ́n, òkun lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ká má fọwọ́ ara wa lànà fún un.

Àwọn tó ń wa yanrìn ti kó tipa wọ ibi tá à ń já ewé. Katapílà á kọ́kọ́ gbá igbó ìkatè kúrò, àwọn tó ń pààlà ilẹ̀ á sì dáná sun èyí tó kù. Àwọn ìyá àgbà inú ẹgbẹ́ wa ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí èèpo, owó ọkọ̀ sì ti jẹ èrè tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fòfin de híhú àti sísun ìkatè lórí òkìtì yanrìn tó kọjú sí òkun. Ẹ fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀ ká fi tọ́jú ọ̀gbìn. Kóró rẹ̀ ń hù, ẹ̀ka tá a bá gé gbìn náà ń hù. Ní Florida, l'Amẹ́ríkà, níbi tí igi kan náà ti ń hù létíkun, wọ́n ń gbìn ín ṣe ọgbà yí ilé ká. Àwa la ó bomi rin ín, àwa la ó gbìn ín padà síbi tí wọ́n ti hú u. Àwa náà ti ṣòfin fún ara wa: ẹni tó bá bó èèpo igi yí po títí tó fi kú, kò gbọdọ̀ pàtẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa lóhùn kí òjò tó wọlé, torí ìgbà òjò ni ọ̀gbìn ń mú.

Àwa ni tiyín,
Ìyálẹ́gbẹ́, Akọ̀wé àti Akápò,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́