Kúnlé, má tíì ra kádì kankan o

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù Manchester o. Mo rí gbogbo fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ voice note ẹ, èyí tó o ti ń pariwo pé kọ̀ǹpútà yìí fẹ́ rán ẹ lọ sọ́run, pé spíìdì ẹ̀ ń já lulẹ̀, géèmù ń kú, o sì fẹ́ pààrọ̀ kádì tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀, ìyàwó mi gbọ́ ọ ó rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí n kúkú jókòó kọ lẹ́tà gidi sí ẹ, torí tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ sórí WhatsApp, ibi tó wù ẹ́ nìkan lo máa kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ spíìdì kúrò ńlẹ̀. Pé spíìdì CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń lọ sókè sódò kì í ṣe àìsàn rárá. Ryzen 9 3900X lo gbé síbẹ̀, 3.8GHz ni spíìdì tí wọ́n kọ sí i, ó lè sáré dé 4.6 tó bá jẹ́ core kan péré (òṣìṣẹ́ kan nínú CPU) ló ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo core méjèèjìlá bá jọ ń ṣiṣẹ́ á rọra wálẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé ìròyìn lo kàn ń kà lórí Chrome á tún wálẹ̀ sí i, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn kó má baà máa jẹná lásán. High performance tó o lọ yí i sí nínú Windows yẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí, dá a padà sí Balanced jàre. Fọ́tò tó bà mí lẹ́rù ni ibi tó ti já sí 0.55GHz nígbà tí géèmù ń lọ lọ́wọ́. CPU tó níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣàdédé débẹ̀, ẹnì kan ló ní kó dúró.

Ẹni náà sì wà nínú fọ́tò yẹn, o ò kàn wo ìsàlẹ̀ ni. HWiNFO, app tó ń ka ooru àti spíìdì yẹn, ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé Thermal Throttling PROCHOT EXT, ìyẹn ni pé ooru ló ń dá a dúró, ó wá kọ Yes síwájú ẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti CPU fúnra ẹ̀, No ló wà níbẹ̀, òun náà sì wà ní 71 digírì, bẹ́ẹ̀ 95 ni wọ́n gbà á láyè dé. EXT yẹn túmọ̀ sí pé láti ìta ni àṣẹ ti wá, ìyẹn ni pé bóòdù (motherboard) ló ń sọ fún CPU pé ara òun ti ń gbóná jù, kó rọra.

Ibi tó ń gbóná ni VRM, àwọn nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kéékèèké tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU yẹn, àwọn ló ń gba 12V lọ́wọ́ power pack (àpótí tó ń pín iná) tí wọ́n ń sọ ọ́ di bíi vóòtì kan àti díẹ̀ tí CPU ń lò. CPU 3600 tó o ní tẹ́lẹ̀, 88W ló máa ń fà tó bá le tán. 3900X yìí, 142W! Bóòdù ẹ ò sì yí padà, bóòdù kékeré náà ni, VRM ẹ̀ ò ní irin kankan lórí. Èyí tó wá burú jù lójú tèmi ni kúlà olómi tó o rà fún CPU yẹn. Fáànù tó bá CPU wá, ìsàlẹ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ó ń bá ẹ fẹ́ VRM náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, o wá yọ ọ́, o gbé pọ́ǹpù síbẹ̀, rédíétọ̀ wà níwájú kéèsì, kò sí atẹ́gùn kankan tó ń kan bóòdù níbẹ̀ mọ́. CPU ń gbádùn, VRM ń jóná.

Ọmọkùnrin kan gbé irú ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìwó Road, wọ́n ti ní kó lọ ra CPU míì. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì, mo gbé fáànù orí tábìlì kọjú sí bóòdù, mo ní kó máa gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ. Ó gbá a títí wọ́n fi mú iná lọ, 0.55 ò yọjú. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ òní. Tó bá dáa, wọ inú BIOS (ojú ìwé ètò bóòdù, kí Windows tó gbéra), wá Eco Mode, gbé e sí èyí tí wọ́n pè ní 65W, iná tí CPU ń fà ò ní kọjá 88W, géèmù ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ torí kì í lo gbogbo core yẹn. Lẹ́yìn náà wá fáànù kékeré kan so síwájú VRM, kò wọ́n.

Ó wá ku ti kádì. O ní ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn díẹ̀, á padà wá, géèmù á sì ti kú. Windows ló ń ṣe ìyẹn: tí kádì ò bá dá a lóhùn fún ìṣẹ́jú-àáyá 2, á rísẹ́ẹ̀tì díráifà, ètò tó fi ń bá kádì sọ̀rọ̀. Lọ wo Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, wàá rí nọ́ńbà 4101 níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀rọ ló kú pátá tó tún tan, tó o sì bá Kernel-Power 41, ìyẹn yàtọ̀, power pack la ó kọ́kọ́ fura sí.

Mo ti rí nǹkan kan tí mi ò fẹ́ràn ṣá o. Wáyà kan ṣoṣo tó lórí méjì lo fi sínú kádì 3070 yẹn. 220W ni kádì yẹn ń jẹ, ó sì máa ń ṣàdédé fà jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú bíńtín. Wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó o fà láti power pack, èyí tó bá a wá o, má lọ yá ti power pack míì, ìdí ẹ̀ kì í bára mu, ó lè sun gbogbo ẹ̀. Tó bá ṣì ń kú, fi app DDU nu díráifà kúrò ní safe mode, gbé tuntun sí i. Tó bá tún ń kú, pa XMP, ètò inú BIOS tó ń mú RAM sáré sí i, torí RAM tí spíìdì ẹ̀ jẹ́ 3600 lo rà, 3200 sì ni wọ́n kọ fún CPU yẹn, ìyókù àfikún ni, RAM tí ò dúró dáadáa máa ń fi ẹ̀sùn kan kádì. Jọ̀ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó o máa yí i, kó o gbá géèmù fún ìrọ̀lẹ́ kan kó o tó kan òmíì, mo mọ̀ ẹ́, o lè fẹ́ ṣe gbogbo ẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ẹ̀gbọ́n ẹ tó ní CPU Intel 14th gen lòun ní, tí géèmù ń sọ fún un pé “out of video memory” (àyè inú kádì ti tán) nígbà tí àyè ṣì pọ̀ nínú kádì ẹ̀, tiẹ̀ lè má jẹ́ kádì rárá. Intel fúnra wọn sọ lọ́dún 2024 pé vóòtéèjì tó pọ̀ jù ń ba àwọn kan nínú 13th àti 14th gen jẹ́, wọ́n gbé microcode 0x129 (àtúnṣe tó ń bá BIOS wọlé) jáde ní August, wọ́n sì fi ọdún méjì kún warranty. Kó ṣe update BIOS ẹ̀ kíákíá, èyí tó bá ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ò ní padà, kó lọ gba òmíì lọ́wọ́ wọn.

Bọ̀bọ́ tó ní kó o gbé 3070 wá kóun bá ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kó o fowó lé e, sọ fún un pé kó ní sùúrù. Tẹ logging nínú HWiNFO kó o tó bẹ̀rẹ̀ géèmù, kó o fi fáìlì yẹn àti aago tó wà lára 4101 ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ wò ó bóyá ìgbà kan náà ni spíìdì ń já tí géèmù sì ń kú. Ọjọ́ Sunday ni kó o fi ránṣẹ́, iná máa ń pẹ́ díẹ̀ ládùúgbò wa lọ́jọ́ yẹn.

Bá mi kí ìyàwó ẹ àtàwọn ọmọ.

Èmi ni tìẹ,
Délé