Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Tún Ti Tíkẹ́ẹ̀tì Wa Pa

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́dọ̀ yín.

Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀sùn wa wà lọ́wọ́ yín, gbogbo ohun tí a ti fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, n kò ní tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ímeèlì tó wọlé láàárọ̀ yìí ló bí mi nínú: "Ìṣòro yín ti yanjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún." Ta ló yanjú ẹ̀? Nígbà wo?

Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí ètò tí a fi èdè Java kọ bá ti gbéra tán, library logging yín, ìyẹn kóòdù tó ń kọ àkọsílẹ̀ (log) ohun tí ètò ń ṣe, kò ní da pàǹtírí, ohun tí a lò tán tó ṣì gba ààyè, sínú heap, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà tí ètò ń lò, mọ́. Síbẹ̀, bí èrò bá ti pọ̀ báyìí, garbage collector, ẹ̀yà Java tó ń kó pàǹtírí náà, á dá gbogbo thread, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí ètò ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dúró, àwọn oníbàárà tiwa á wá máa wojú wa. A fi fáìlì Java Flight Recorder, irinṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ bí ètò Java ṣe ń ṣiṣẹ́, ránṣẹ́ sí yín. Ẹni tó bá ṣí i á rí i pé package yín, ìyẹn àkójọ kóòdù yín, ló wà lókè pátápátá nínú àwọn tó ń da pàǹtírí: ìlà log kan, StringBuilder (ohun tí Java fi ń to ọ̀rọ̀ pọ̀) tuntun kan. Kò sẹ́ni tó ṣí i. Ohun tí aṣojú yín ń béèrè ni bóyá a ti pa sáfà (server), ká sì tún un tàn.

Mo pè é. Ó ní, "Ọ̀gá, Java ni, kò sí bí pàǹtírí ò ṣe ní sí," ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi sọ fún un pé Log4j 2.6, library logging mìíràn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ti ń tún StringBuilder kan náà lò nínú thread kọ̀ọ̀kan láti 2016. Ó tún gbà wá nímọ̀ràn pé ká gbé log kúrò ní INFO, tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ gbogbo, lọ sí ERROR, tó ń kọ àṣìṣe nìkan. Òótọ́ ni o! Bí a kò bá kọ log rárá, pàǹtírí á tán pátápátá. Ṣé ohun tí a sanwó fún nìyẹn?

Ọ̀gá rẹ̀ ṣèlérí pé ẹnjiníà á pè wá lọ́jọ́ Ajé. Kò kàn sọ ọjọ́ Ajé ti ọdún wo ni.

Ẹ ṣí tíkẹ́ẹ̀tì náà padà. Kí ẹni tó kọ kóòdù yẹn gan-an pè wá kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn má sì dá sí ọ̀rọ̀ wa mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ múra láti dá owó ọdún yìí padà, nítorí lọ́yà wa ni yóò kọ lẹ́tà tó kàn. A sì ti ń dán Log4j wò lórí sáfà mìíràn.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, títí di òní.